Ìdí Aláàlà àti Àpótí Ọ̀gànwó

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ìdí aláàlà ló ń mọ ọ̀gànwó." Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ á rò pé àwàdà ni. Ojú ló yẹ kó mọ igi. Ọwọ́ náà lè mọ̀ ọ́n. Kí ló wá kan ìdí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní fi oyin sí i.

Ní ìlú Ìdìgbà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ Àró, olórí àwọn àgbẹ̀, á gbé àpótí ọ̀gànwó tirẹ̀ wá sójúde ọba. Ọ̀gànwó le, ó wúwo, inú rẹ̀ ló ti pupa wá, ẹnikẹ́ni kò kùn ún. Ẹni náà á ró àlà funfun, á jókòó lórí àpótí yìí láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ́ nǹkan kan sábẹ́ ìdí. Bí àlà rẹ̀ bá ṣì mọ́ nírọ̀lẹ́, ó ti di Àró. Bí ó bá dọ̀tí, kò ní lè du oyè yẹn mọ́ láéláé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Láníhùn. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà, onítọ̀hún á gbàgbé ibi tó ń lọ. Oyè Àró wù ú, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀gànwó wà jìn, ẹnu àáké sì máa ń kú lára igi náà. Ló bá lọ sọ́dọ̀ Àjàgbé agbẹ́gilére.

"Àjàgbé, fi àràbà gbẹ́ àpótí oyè fún mi. Fi osùn kùn ún, kí o fi epo ra á. Ta ni yóò mọ̀?"

"Àràbà funfun báláú. Osùn sì máa ń wọ aṣọ."

"Á ti gbẹ kó tó dọjọ́ náà."

"Ìwọ lo ni ìdí," Àjàgbé wí, ó sì gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí Efúnṣeun, ìyàwó Láníhùn, ń gbálẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé àpótí náà kúrò lọ́nà.

"Baálé mi, ọ̀gànwó wo ni mo ń fi ọwọ́ kan gbé yìí?"

"Ọ̀gànwó tó bá mọyì olówó rẹ̀ á fúyẹ́ fún un."

"Ó dáa. Èmi kọ́ ni n ó jókòó lé e."

Ọjọ́ oyè pé. Dáwódù, àgbẹ̀ kan tí òun náà ń du oyè, jókòó lórí àpótí tirẹ̀ lápá kan. Láníhùn jókòó, ó ń ki àpótí rẹ̀: ọba igi, apọ́nbéporẹ́, igi tí ikán rí tó yà lọ́nà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Oòrùn mú, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí i nídìí. Ó mọ̀ ọ́n lára. Ó tún gbóhùn sókè sí i.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, àwọn ìjòyè ní kó dìde.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí. Ọ̀rọ̀ ọ̀gànwó kò tíì tán lẹ́nu mi."

"Ó ti tán létí wa. Dìde."

Ó dìde. Ẹ̀yìn àlà rẹ̀ pọ́n bí aṣọ ìyá ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun osùn. Ìyálóde wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Láníhùn, o kú ewu ọmọ. Akọ ni àbí abo?"

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha àpótí, funfun ló yọ. Oyè bọ́ sọ́wọ́ Dáwódù, ẹni tí kò mọ ju "ẹ ǹlẹ́ o" lọ, ṣùgbọ́n tí àlà rẹ̀ mọ́ bí òwú lórí ọ̀gànwó tòótọ́.

Nílé, Efúnṣeun ti pọnmi sílẹ̀. "Baálé mi, ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀. Osùn kì í tètè lọ."

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ń yin ọkọ ìyàwó tuntun tàbí irúgbìn tuntun fún wa, a kì í bá a jiyàn. A ó ní kí oòrùn wọ̀ ná. L'Ídìgbà lọ́jọ́ yẹn, ojú gbà á gbọ́, etí gbà á gbọ́, ọwọ́ tilẹ̀ pa àtẹ́wọ́ fún un. Ìdí aláàlà ló ń mọ ọ̀gànwó.