Onílé, Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àgùntàn, abiyamọ tí àyà rẹ̀ kì í balẹ̀. Òun, ọmọ rẹ̀ àti Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó ní abúlé tí wọ́n ti ń sinmi lọ́wọ́ ẹrù rírù.

Ebi ń pa ọmọ. Bàbá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àgbà láàrin wọn, gbé àgbàdo wá. Ẹ̀yin ọmọ, ta ní í kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ àlejò wò? Onílé ni! Bàbá kò tọ́ ọ wò. Ó gbé èèpo iṣu wá, kò tọ́ ọ wò. Ó gbé koríko wá, kò tọ́ ọ wò.

Àgùntàn fa ọmọ sẹ́yìn, ó bú sórin:

Onílé, tọ́ ọ wò,
Jáńjálá!
Àbí májèlé ni?
Jáńjálá!

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ìfura rẹ ni yóò febi pa ọmọ yìí!"

Bàbá la ẹnu. Kò sí eyín kankan níbẹ̀. "Ọmọ mi, kí ni kí n fi tọ́ ọ wò?"

Àánú ṣe Àgùntàn. Ó fi ẹnu rún koríko kúnná bí ó ti ń ṣe fún ọmọ rẹ̀, ó fi bọ́ Bàbá. Kí ó tó rántí ẹ̀rù, òun fúnra rẹ̀ ti tọ́ ọ wò. Ni ọmọ bá jẹun yó.

Bí mo bá purọ́, kí n di akáyín bíi Bàbá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.