Ẹrù Tí Làníyì Fi Pamọ́

Àwa ará Òkè-Ọlọ a máa wí pé, "Ẹrù tí a fi pamọ́ ní í wa ọkọ̀ wọgbó." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a la ẹnu sílẹ̀: ẹrù ṣe mọ ọkọ̀ wà? Ẹ fara balẹ̀, Làníyì ló fà á.

Làníyì fọ́nnu káàkiri gáréèjì pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òun kì í gbé ẹrù, àfi èèyàn pàtàkì. Irọ́ gbuu! Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń bá ìyá Ayọ̀ká kó ọlọ tí wọ́n ń tà, nítorí Ayọ̀ká ló fẹ́ fi ṣaya. Ìyá náà kì í ṣe èèyàn kékeré, ara wọn tó ti èèyàn méjì. Iwájú lápá ọ̀tún ni wọ́n ń jókòó sí, wọn a sì ní kí ó to ọlọ sẹ́yìn àwọn gan-an, kí ọwọ́ àwọn lè tó o.

Ni ọkọ̀ bá ń fà sọ́tùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ oko ẹ̀gẹ́.

"Làníyì," ni ìyá wí, "bí ọkọ̀ yìí bá tún gbé mi wọgbó, gbàgbé Ayọ̀ká."

Làníyì ò fi falẹ̀ rárá. Ó fọ ọkọ̀, ó kó gbogbo ọlọ sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Mùfú mẹkáníìkì lọ.

"Kí lo fi ń kó?" ni Mùfú bi í.

"Èmi kẹ̀? Ẹrù? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mùfú ta okùn, ó fi wọn ẹsẹ̀ táyà, ó tún un ṣe títí ó fi gún. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ọlọ wọlé, ìyá wọlé, wọ́n tún bá ara wọn nínú ẹ̀gẹ́.

"Ó parí!" ni ìyá pariwo.

Làníyì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bá mẹkáníìkì báyìí."

Mùfú rí ọkọ̀ tó dẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún, ó ká ọwọ́ lérí. "Háà! O ò ṣe sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí, ọ̀gá."

"Ojú ń tì ọ́, o sì ń wọgbó!"

Ó ní kí ìyá má kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀pà nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mùfú ń yí nọ́ọ̀tì lábẹ́ wọn, kí táyà lè bá ìwúwo àwọn àti ọlọ mu. Ọkọ̀ gún régé. Inú ìyá dùn, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ náà, Ayọ̀ká nìkan ni Làníyì gbé. Wọn ò tíì dé ìkóríta tí ọkọ̀ fi fà sósì, ó di inú àgbàdo. Mùfú tó ń bọ̀ lẹ́yìn sáré dé.

"Làníyì, ẹrù wo lo tún fi pamọ́?"

Làníyì họrí. "Ìyá ìyàwó mi ni. Mo ní kí wọ́n bá ọkọ̀ ẹlòmíràn bọ̀."

Ayọ̀ká rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Wọ́n padà lọ gbé ìyá àti ọlọ. Ìyá gba iwájú, ìyàwó tuntun bọ́ sẹ́yìn láàárín ọlọ, ọkọ̀ sì gún títí dé ilé ọkọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí tọkọtaya ọ̀hún ń lọ tí ìyá kì í sí níwájú. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, a ó sọ fún ara wa pé, "Ẹrù tí a fi pamọ́ ní í wa ọkọ̀ wọgbó."