Okùn Pupa Lọ́rùn Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí

Ìwà ìkà ni Òjélàbí, oníbodè Ìgbórò, hù sí Àwẹ̀ró. Ó mọ dígí, ó pè é ní iyùn nítorí owó, ó sì jẹ́ kí olóòótọ́ pàdánù. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan ṣì ń pe irú rẹ̀ ní ọgbọ́n.

Àwẹ̀ró nìkan ló kù nínú ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí. Ọ̀dá ti pa oko bàbá náà lọ́dún méjì léraléra, èbù iṣu ti tán nínú àká, àgbẹ̀ tó ti bọ́ ìdajì àdúgbò sì wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀run. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wù ú: kí ó tún rí ewé iṣu lórí ebè rẹ̀ kí ó tó kú. Àwẹ̀ró bá ta aṣọ rẹ̀, ó bá àwọn oníṣòwò lọ sí èbúté, ó ra ìlẹ̀kẹ̀ dígí pupa tí ọkọ̀ òkun kó dé. Bí ó bá tà á kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, yóò fi owó rẹ̀ ra èbù.

Ní Ìgbórò, ìlẹ̀kẹ̀ kì í wọ ọjà láìjẹ́ pé oníbodè sọ irú èyí tó jẹ́, kí ó sì so okùn àmì mọ́ ọn. Okùn pupa ni ti iyùn, owó ibodè rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti dígí. Okùn funfun ni ti dígí. Nígbà tó yá, okùn ni àwọn ará ọjà ń wò, wọn kò wo ìlẹ̀kẹ̀ mọ́.

Ẹfúnyẹlá, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí wọ́n jọ lọ sí èbúté, ló ṣíwájú Àwẹ̀ró lọ́jọ́ náà. Ẹrù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ pín ní èbúté. Òjélàbí fi eyín kan ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé dígí ni. Ẹfúnyẹlá ní iyùn ni, ó sì ka owó iyùn sílẹ̀ láìyọwó. Oníbodè tí í jẹ nínú owó ibodè kò jiyàn. Ó so okùn pupa.

Ó wá kan Àwẹ̀ró.

“Ìwọ ńkọ́, ìyá oníyùn?”

“Dígí ni, bàbá.”

“Ẹni tó ṣíwájú rẹ ní iyùn ni.”

“Bàbá, ẹ̀yin náà fi eyín kàn án. Ẹ so okùn mi fún mi.”

Òjélàbí rẹ́rìn-ín. “A ṣílẹ̀kùn fún ọ, o ní ojú fèrèsé lo máa gbà.” Ó so okùn funfun.

Lọ́jà, wọ́n já ìlẹ̀kẹ̀ Ẹfúnyẹlá gbà. Ìyá ìyàwó kan gbé ti Àwẹ̀ró wò, ó rí okùn rẹ̀, ó béèrè bóyá òun yóò fi dígí sọ́rùn ọmọ lọ sílé ọkọ kí àwọn àna lè rí ohun tí wọn yóò fi ṣẹ̀sín. Ó gbé e jù sílẹ̀, ó lọ ra èkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹfúnyẹlá. Ọjà mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, òjò sì rọ̀. Àwẹ̀ró ru ẹrù rẹ̀ padà sílé. Bàbá rẹ̀ wo agbọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó tún gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ó kú kí oṣù náà tó parí, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá ebè tí kò sí iṣu nínú rẹ̀.

Lọ́dún náà gan-an, okùn já lọ́rùn ìyàwó tí ìyá rẹ̀ ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ Ẹfúnyẹlá, níwájú àwọn àna rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ dà sórí àpáta, ó fọ́ yángá. Iyùn kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àfọ́kù àti okùn pupa lọ sáàfin, ọba sì ní kí Òjélàbí wá sọ tẹnu rẹ̀ lójú ọjà.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àwẹ̀ró, ẹni tó tó bí lọ́mọ.

“Àwẹ̀ró, n kò ṣèèṣì. Eyín mi ti sọ fún mi pé dígí ni. Èké mówó dání, mo ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Ìwọ mú òótọ́ wá, mo fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, mo sì bẹ òkú bàbá rẹ, níwájú gbogbo ìlú.”

Àwẹ̀ró kò bú u. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí di òní pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.