Tìmùtìmù Abẹ́ Bẹ́ǹṣì
Bàbá Ìjọ Ládèjọbí ló ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí Àkànjí ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ṣèlérí bẹ́ǹṣì tuntun fún àwọn ìyá arúgbó ìjọ. Pákó tí ikán ti jẹ ló kó sílẹ̀: kí Àkànjí fi kàn án, kó fi ọ̀dà bo àwọn ihò rẹ̀, bó bá sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kó wáṣẹ́ lọ síbòmíràn. Àkànjí, tí kì í gbé òòlù láìgbàdúrà, ní, “Mo ti gbọ́, sà. N kò ní í sọ̀rọ̀.” Ó kan bẹ́ǹṣì, ó kùn ún títí ó fi ń dán, ó gbé e lọ sí ìsìn ìyàsímímọ́. Àṣà ìjọ wọn sì ni pé ẹni tó bá fi àga tọrẹ ló ń kọ́kọ́ jókòó lé e. Àlùfáà gbàdúrà tán, Bàbá Ìjọ ká agbádá sókè, ó fẹ́ jókòó. Ni Àkànjí bá rọra ti tìmùtìmù nínípọn kan sábẹ́ bẹ́ǹṣì náà. Àlùfáà béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi tìmùtìmù ṣe. Àkànjí dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá mọ̀ ọ́n.” Bàbá Ìjọ wo bẹ́ǹṣì, ó wo tìmùtìmù, ó tún wo ikùn ara rẹ̀. Ó ní, “Àpẹẹrẹ lásán lèyí. Ìrókò la máa fi kan ti àwọn ìyá wa.” Orí ìdúró ló wà tí ìsìn fi parí.