Lékèélékèé àti Eéwo Òkété

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó wọ aṣọ funfun balau, ó fò, ó fò, ó bà lé orí Lékèélékèé, ìyá àwọn nọ́ọ̀sì nílùú ẹranko.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko kọ́ ilé ìwòsàn kan sétí odò. Lékèélékèé ni olórí ibẹ̀. Ẹ gbọ́, obìnrin yìí mọ iṣẹ́! Ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bó bá ti na ọrùn wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ara aláìsàn á ti máa yá kó tó kí i. Kò sẹ́ni tó ń yan bíi tirẹ̀ nínú gbogbo igbó. Láràárọ̀ lòun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọrin kí wọ́n tó wọlé. Ẹ bá mi gbè é:

Funfun la wọ̀,
Ẹ bá wa yọ̀!
Ọwọ́ wa mọ́,
Ẹ bá wa yọ̀!
Ẹni tó ń rá wá, á rìn lọ,
Ẹ bá wa yọ̀!

Ẹ ṣeun. Àwọn nọ́ọ̀sì yìí ní ẹnà tiwọn. Wọn kì í dárúkọ ẹ̀yà ara ní gbangba lójú àna aláìsàn. Ikùn, wọ́n ní "abà." Ìdí, wọ́n ní "àga." Orí, wọ́n ní "òkè ilé." Ti ibi kọ́lọ́fín ńkọ́? Ẹ má bi mí, ọmọdé wà níbí. Mosúnmọ́lá, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹnà náà dùn lẹ́nu wọn, wọ́n sì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n Lékèélékèé ti ṣòfin kan. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ fi ẹnà ṣe é. Àwọn méjèèjì á lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fọwọ́ lé ibi tó ń dunni, wọ́n á pe ibẹ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n á sì pe àìsàn náà lórúkọ rẹ̀.

Ni Ìjímèrè bá wá gbaṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi mọ ẹnà ju àwọn tó bá níbẹ̀ lọ. Ó tún kíyè sí nǹkan kan. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò le, ògì ni wọ́n ń fún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń dáná á gbé oyin àti ẹja yíyan wá fún un.

Họ́wù! Láti ọjọ́ náà ni àìsàn kékeré ti tán nílé ìwòsàn. Ọ̀yà húkọ́ lásán, Ìjímèrè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ehoro ta gìrì lójú oorun, Ìjímèrè ní wárápá ni. Òkété gbé eéwo wá, eéwo lásánlàsàn! Ìjímèrè mi orí, ó pòṣé.

"Jẹjẹrẹ ni, bàbá. Ẹ pe àwọn ọmọ yín."

Oyin dé, ẹja dé. Òkété nawọ́, Ìjímèrè já a gbà.

"Èèwọ̀! Ẹni tó ní jẹjẹrẹ kì í fẹnu kan oyin. Àbí ẹ fẹ́ tètè kú ni?"

Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó lá a tán poo.

Bí àkókò bá tó tó fẹ́ fi aláìsàn lé Lékèélékèé lọ́wọ́, kì í dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pariwo: "Ìyá wa, àga Òkété ti bàjẹ́ o! Jẹjẹrẹ ni!" Bí ẹnà yẹn ṣe ń já geere lẹ́nu ọmọ tuntun máa ń dùn mọ́ Lékèélékèé nínú. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "O káre," á sì gba aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Òun tó ṣòfin!

Bẹ́ẹ̀ ni Òkété kò jẹun mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ebi ń pa á, ó rù kan eegun. Ó ti pín ihò rẹ̀ fáwọn ọmọ. Níjọ́ kan, Àwèró ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú Lékèélékèé.

"Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá síbí. Ṣé inú pósí la ó gbé e sí lọ sílé ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Lékèélékèé lára. Ó rántí pé òun kò tíì fọwọ́ kan Òkété láti ọjọ́ tó ti dé. Ojú tì í, inú sì bí i. Ó na ọrùn gboo.

"Ìjímèrè! Ó yá, sídìí bẹ́ẹ̀dì!"

"Ìyá wa, mo ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà..."

"Ṣé ẹnu ọ̀nà ni Òkété sùn sí? Fọwọ́ lé e!"

Ìjímèrè fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ilé ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. "Ọwọ́ mi ò mọ́, mà."

"Nọ́ọ̀sì tọ́wọ́ ẹ̀ ò mọ́? Nínú ilé tèmi? Mo ní kó o fọwọ́ lé e!"

Ìjímèrè gbé ọwọ́ lé ìdí Òkété.

"Kì í ṣe ibẹ̀," ni Òkété rọra wí. "Itan ni."

Ó sún ọwọ́ sítan. Áàà! Oyin ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irun Òkété pinpin. Ó fà á, kò já. Ó tún fi gbogbo agbára fà á, eéwo bẹ́! Ọyún tú jáde. Òkété ké, gbogbo ilé fò dìde. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Ṣé oúnjẹ wà? Ara tù mí o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá ọwọ́ Ìjímèrè mú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Oyin aláìsàn nìyí!"

Ọ̀yà fò lulẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò húkọ́ rárá. Ehoro fa ọ̀pá yọ láti fi nà án. Ta ní ń dúró? Ìjímèrè gba ojú fèrèsé fò jáde, ó wọgbó, títí dòní kì í jókòó pẹ́ níbì kan.

Lékèélékèé kò bojú wẹ̀yìn. Ó fọ eéwo náà mọ́, ó sì dì í. Ọyún ta sáṣọ funfun rẹ̀, kò bìkítà. Àwèró ń wò ó lẹ́nu. Lékèélékèé fi ìyẹ́ rẹ̀ lé ibi tó ń dun ọkùnrin náà.

"Itan ọ̀tún ni," ó wí. "Eéwo ni. Ọkọ rẹ ò ní í kú."

Àwèró bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn. Títí dòní ni Lékèélékèé ń yan. Ó tọ́ sí i.

Ìdí àlọ́ mi rèé: iṣẹ́ tó o fẹ́ fi yangàn, fọwọ́ ara rẹ kàn án ná. Má sì tìtorí ohun tó o fẹ́ jẹ sọ eéwo ẹlẹ́ni di jẹjẹrẹ. Ẹ̀rù lè pa ẹni tí àìsàn kò lè pa.