Ahunṣọ Tó Sọ Pé Oyún Oṣù Méjì Kì Í Ṣe Ọmọ

"Ẹ̀jẹ̀ lásán ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ikùn yọ ná, ká tó máa ṣọ́ra."

Ọkùnrin kan wà, ahunṣọ ni. Òun ló ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ báyẹn, ìgò àgbo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù méjì, èébì ò sì jẹ́ kó gbádùn. Nílé ọkùnrin yìí, àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni wọ́n máa ń fún aláboyún tó bá ń bì, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́.

Ìyá ìyàwó ní, "Ọtí lo fi rẹ ẹ́, ọkọ ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì sì ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló fún un lóyún ni?"

"Rárá o, ìwọ ni. Ìdí tí mo fi ń bá ọ sọ ọ́ nìyẹn."

Ìyàwó jókòó sáàárín wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn sú u, ó di imú, ó gbé àgbo mu, kí ilé lè tòrò.

Bó ṣe ń mu ún lọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ta òwú sílẹ̀ lójúde. Ahunṣọ kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta òwú gbọọrọ, àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀, kó tó gbé e sórí òfì. Aládùúgbò kan ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba àárín òwú yẹn kọjá, òwú já. Ahunṣọ di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú mi sílẹ̀. Òwú lásán ni. Mi ò kúkú ya aṣọ yín."

"Òwú lásán? Ibí yìí laṣọ ti ń di aṣọ. Èyí tó bá bàjẹ́ níbí, tí n ò bá rí i, mo máa hun ún mọ́ ọn dópin ni. Tí aṣọ bá ti jáde, kí ni mo tún lè ṣe sí i?"

Ìyá ìyàwó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, jọ̀ọ́, wọlé, kó o lọ sọ ọ́ fún oyún oṣù méjì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó tú aládùúgbò náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so òwú tó já. Àmọ́ nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ó tún bu àgbo náà. Tó bá dá a dúró lọ́jọ́ yẹn, á dà bíi pé ìyá ìyàwó ló ń pàṣẹ nílé rẹ̀.

Nígbà tí ikùn wá yọ, òun fúnra rẹ̀ ló da àgbo nù. Ó ń ra ẹyin, ó ń gba korobá omi lọ́wọ́ ìyàwó. Ó rò pé òun tètè ṣe é.

Kò tètè ṣe é. Kí oṣù kejì tó pé, ọkàn ọmọ ti ń lù. Ojú ti ń hàn, apá ti ń yọ, ìka ti ń pín, ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ti ń lọ lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni níta tó rí ikùn.

Wọ́n bí ọmọ náà, ó kéré. Tó bá mu ọmú díẹ̀, á fi í sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ní ihò wà nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ní ọtí wà lára ohun tó máa ń fà á. Ọmọ náà ti dàgbà tó ọmọ tó ń sáré báyìí, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré, ó máa ń jókòó ni.

Ìwọ tí ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé òun ò rí nǹkan oṣù òun, má wá sọ fún mi pé kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀. Tẹ́ni tó jù ọ́ bá sì sọ òótọ́ fún ọ, má sọ ọ́ di ta ló máa borí. Ahunṣọ yìí borí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀.