Ẹ̀kọ́ Abẹ́ Páànù

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọ̀gbẹ́ni Àríyìbí gbọ́ òwe náà dáadáa. Ó kàn rò pé àwọn onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń bá wí ni.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ tíṣà ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí sáà tó wọlé ló ti máa ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọ̀run ì báà ya, ètò rẹ̀ kò ní yẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá dé sórí páànù. Àwọn olùkọ́ yòókù jókòó, wọ́n ń retí kó dá. Ọ̀gbẹ́ni Àríyìbí ń kọ́ni lọ ní tiẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń mi orí bí ẹni tọ́rọ̀ yé, torí ọmọlúàbí ni wọ́n.

Nígbà ìdánwò, ó bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ ọjọ́ òjò náà: “Báwo ni olùkọ́ ṣe ń mọ̀ pé ohun tí òun ń kọ́ yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́?”

Gbogbo kíláàsì kọ ìdáhùn kan náà: “Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà.”

Ó fún gbogbo wọn ní òdo. Ọdún tó yẹ kí wọ́n jáde sì nìyẹn.

Ìyáàfin Olúgbọ́dé, olórí ẹ̀ka wọn, ránṣẹ́ pè é.

“Ṣé òótọ́ ni pé ẹ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí?”

“Mo kọ́ ọ parí, mà.”

“Ṣé àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀?”

“Gbogbo wọn, mà. Mo tiẹ̀ pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Ṣé wọ́n dáhùn?”



“Òjò ò jẹ́ kí n gbọ́, mà.”